Ìpara Inú Pijó Bàbá

Lójoojúmọ́, bí Bàbá Mùstàfá bá ti kírun Àsárì tán, wọn a máa rìnrìn àjò. Wọn kì í sì í jáde kúrò nínú ọgbà ilé wọn ní Bódìjà. Wọn a fi ọ̀pá tọ àgbàlá lọ títí dé abẹ́ igi fúrúùtù níbi tí Pijó 504 wọn wà, wọn a fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn, wọn a wọlé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Hamidah, ọmọ wọn obìnrin, a jókòó sídìí sítíárìn. Kò sẹ́ni tó ń tan ẹ́ńjìnnì. Bàbá a ti ilẹ̀kùn, wọn a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọ gbóná, wọn a ní, "Bísímílàhí. Ọ̀nà Ṣakí ni tòní."

Awọnlẹ̀ ìjọba ni Bàbá fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀nà tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n fi okùn wọ̀n, kò lóǹkà. Ọdún 1982 ni wọ́n ra Pijó náà, aláwọ̀ wàrà, òun ló sì ń gbé wọn kiri gbogbo ibi tí iṣẹ́ bá rán wọn. Nígbà tó yá, àìsàn mú ojú wọn. Ojú náà ò kú lọ́jọ́ kan. Ńṣe ló ń ti ẹ̀gbẹ́ ṣú wọlé, bí ẹni ń ti fèrèsé pa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ihò kékeré kan láàárín, tí ihò yẹn náà sì dí. Ọdún méje rèé. Hamidah, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì nílé ìwé kan lápá Agbowó, kó padà wá bá wọn gbé. Iṣẹ́ ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wálé.

Nínú ọkọ̀ yẹn, Bàbá ni yóò máa ròyìn ọ̀nà. "A ti kọjá Mọ́níyà. Rọra, wọ́n ń da màálù kọjá." Hamidah a gbé ẹsẹ̀ lé búrékì ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Nígbà mìíràn oorun fẹ́ẹ́rẹ́ a gbé òun náà, a rí màálù, a rí eruku pupa, a rí Bàbá ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó dé fìlà koríko, tó ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ wọnú igbó. Bó bá la ojú, ewé fúrúùtù nìkan ni yóò rí lórí gíláàsì iwájú, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń yọ láàárín wọn.

Ọyẹ́ tó fẹ́ gbẹ̀yìn yìí ló ba ìrìn àjò náà jẹ́. Rọ́bà dúdú tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká, èyí tó yẹ kó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun, ti gan bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ. Ilẹ̀kùn ò dé mọ́ dáadáa. Eruku ń gba ibẹ̀ wọlé, ariwo náà ń gba ibẹ̀ wọlé: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, kẹ̀kẹ́ Màrúwà, obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì. Ike dáṣíbọ́ọ̀dù ti ṣá, ó ti gbẹ, ó ń ha Bàbá lọ́wọ́.

"Hamidah," Bàbá wí lọ́jọ́ kan, "ilé ayé ti ń jò wọ inú ọkọ̀ yìí. Mo dé Ìṣẹ́yìn, oníbúrẹ́dì Bódìjà ni mo bá níbẹ̀."

Hamidah rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọlé lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì dé Ṣakí.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ṣíwọ́ nílé ìwé, Hamidah gba Dùgbẹ̀ lọ. Ó rí agolo gígùn kan tí wọ́n ya mọ́tò pupa sí lára. Ẹni tó ń tà á ní kò sí ohun tí kì í ṣe: ike, rọ́bà, awọ, táyà. "Àǹtí, ẹ kàn fọ́n ọn, ẹ nù ún. Mọ́tò yín á máa dán bíi dígí." Ohun tó ń dán náà sì ni Hamidah ń wá, nítorí ojú ló fi ń wo ọkọ̀ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó fọ́n ọn sí gbogbo inú ọkọ̀, ó fi àkísà nù ún. Dáṣíbọ́ọ̀dù dúdú mìnìjọ̀, ó ń kọ yẹ̀rì. Òórùn súwíìtì ọmọdé gba gbogbo abẹ́ igi. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé kò lè dúró di Àsárì kó tó lọ fa Bàbá lọ́wọ́ wá.

Bàbá jókòó. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, àtẹ́lẹwọ́ yọ̀, ó já bọ́ sórí itan wọn. Wọ́n gbé ìka sí imú.

"Ọkọ̀ ta ni yìí?"

"Tiyín ni, Bàbá. Mo tún un ṣe ni."

Wọ́n tún gbé ọwọ́ lé e, wọ́n rọra fi ìka dì í mú létí kó má baà yọ̀. "Bísímílàhí," wọ́n wí. Hamidah ń retí kí wọ́n dárúkọ ọ̀nà. Ẹyẹ kan bà sórí ọkọ̀, wọ́n ń gbọ́ èékánná rẹ̀ lórí páànù, ó tún fò lọ.

"N kò rí ọ̀nà," Bàbá wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Hamidah ju kí wọ́n na òun lọ. Láti ọdún méje tí ojú wọn ti lọ, kò tíì gbọ́ kí Bàbá sọ lẹ́nu ara wọn rí pé àwọn ò rí nǹkan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi Pijó náà gbé wọn lọ gba oògùn ojú. Ojú ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń ro wọ́n. Ó ti tó agogo méjìlá nígbà tí wọ́n bọ́ sí Ring Road. Bí Hamidah ti yí ọkọ̀, oòrùn là kọjú sí wọn. Ó bọ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń dán, dáṣíbọ́ọ̀dù sì dá a padà sínú gíláàsì iwájú. Gbogbo ọ̀nà di funfun báláú. Ó dàbí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ funfun bo ojú ayé. Nínú funfun náà ni nǹkan dúdú mẹ́ta ti ń mì. Kó tó yé e pé èèyàn ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ búrékì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà han, ó dúró. Obìnrin kan ló fa ọmọ méjì lọ́wọ́ tó ń sọdá. Kò ju ìwọ̀n apá kan lọ tó kù kí ọkọ̀ kàn wọ́n.

Obìnrin náà fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì gbàà. "Ṣé o fọ́jú ni?"

Hamidah rọra pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Kí lo ò rí?" Bàbá bi í.

"Obìnrin kan àti ọmọ méjì, Bàbá. Nǹkan tí mo fi pa ọkọ̀ yìí ló ń dán. Oòrùn kọ mànà lára rẹ̀, ó bo gíláàsì, n kò rí nǹkan kan mọ́."

Àwọn ọkọ̀ ń kọjá, Pijó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá.

"Súrà náà ló fi irú nǹkan báyìí pa á," Bàbá wí níkẹyìn, "lọ́jọ́ yìgì rẹ."

Hamidah yíjú sí wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọn ò ti fẹnu kan orúkọ yẹn.

Surajudeen, tí Bàbá ń pè ní Súrà, ni àbúrò wọn kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ti inú ìyá kan náà wá. Àpáta ló ń gbé. Bàbá Kékeré ni Hamidah ń pè é. Lọ́jọ́ yìgì Hamidah, ó jí ní ìdájí wá sí Bódìjà, ó po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́ karosíìnì, nítorí ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ pé kò sí ohun tó ń mú inú ọkọ̀ dán tó o. Ó fi nu àga, ó fi nu ike, ó fi nu gbogbo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ìyàwó dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn àna, ọ́ìlì ti gba gbogbo ẹ̀yìn léèsì funfun tó wọ̀. Bàbá rí i, ojú tì wọ́n, ìbínú sì gba ipò ìtìjú náà. Wọ́n kígbe mọ́ àbúrò wọn níwájú gbogbo èèyàn pé, "Láti kékeré, o ò tíì ṣe ohun kan rí tó dáa!" Surajudeen fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rìn gba ẹnu géètì jáde, ó lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dúró nìyẹn.

"Aṣọ yẹn mọ́ nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, Bàbá," Hamidah wí.

"Mo mọ̀," Bàbá wí. "Wa ọkọ̀."

Olùkọ́ kan nílé ìwé ló júwe ṣọ́ọ̀bù Ìyá Jésùlọlá fún un, ní Challenge. Ará Oǹdó ni Ìyá Jésùlọlá. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti kọ́ni ní kẹ́mísìrì rí kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun ìtọ́jú ara ọkọ̀ nìkan ló ń tà: ìgò kékeré, ìgò ńlá, aṣọ ìnukọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣọ́ọ̀bù náà tutù, ó dákẹ́, bí ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Hamidah rò pé yóò bi òun pé èwo lòun fẹ́. Ohun tí ìyá náà bi í ni pé, "Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

Hamidah kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó sọ ti agolo Dùgbẹ̀, ó sọ ti Ring Road. Ó sọ ti ojú Bàbá, àti ti ọ̀nà Ṣakí tí wọ́n ń gbà lábẹ́ igi lójoojúmọ́, ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọkọ rẹ̀.

Ìyá Jésùlọlá gbọ́ ọ títí. Ó dìde, ó jáde sínú oòrùn, ó gbé ògbólógbòó dáṣíbọ́ọ̀dù kan wọlé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fi téèpù pín in sí mẹ́rin.

"Ohun tí mo fi pa ibì kan kọ́ ni mo fi pa ibòmíràn," ó wí. "Ó ti pé ọdún kan nínú oòrùn. Ẹ di ojú yín."

"Kí n di ojú, Mà?"

"Ẹni tó ni ọkọ̀ ò fi ojú lò ó. Ọwọ́ ló fi ń lò ó. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ yàn án."

Hamidah dijú. Ìyá náà mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ibi àkọ́kọ́. Ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, eruku sì dì mọ́ ọn bí iyanrìn lórí oyin.

"Irú èyí tẹ́ ẹ rà ní Dùgbẹ̀ nìyẹn. Epo pọ̀ nínú rẹ̀. Lónìí, á dán. Lọ́la, á kó eruku. Tó bá pẹ́, á fa ohun tó mú kí ike rọ̀ jáde kúrò lára rẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ibì kejì. Ibẹ̀ ṣá, ó ní ẹ̀là tín-ín-rín bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. "N kò fi nǹkan kan pa ibẹ̀." Ibì kẹta ń yọ̀ díẹ̀, ó sì ń rùn bí òdòdó. Nígbà tó dé ibì kẹrin, Hamidah dúró. Ibẹ̀ rọ̀ láì yọ̀. Kò lẹ̀, kò ha. Ó dàbí awọ apá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tó sì ti nu omi kúrò. Nínú òkùnkùn ojú rẹ̀ tó dì, fún ìṣẹ́jú kan péré, ó wà lábẹ́ igi fúrúùtù, ó sì kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ ọkọ̀.

"Èyí ni," ó wí.

"Ẹ lajú, ẹ wò ó."

Kò dán rárá. Dúdú lásán ni, bí ike tuntun tó ti ilé iṣẹ́ dé.

"Omi ni wọ́n fi pò ó, kì í ṣe epo," Ìyá Jésùlọlá wí. "Kò ní kọ mànà sínú gíláàsì. Ó ń gba ìyà oòrùn jẹ kó má baà kan ike. Kò sì ní òórùn tó lè bá òórùn ọkọ̀ bàbá yín jà."

"Ṣé òun náà ni kí n fi pa rọ́bà?"

"Rárá o. Ike lọ́tọ̀, rọ́bà lọ́tọ̀." Ó mú túùbù kékeré kan sílẹ̀, ó fún un lé ìka Hamidah. Ó mọ́ bí omi, ó ki bí oyin. "Sílíkónì nìyí. Kì í ṣe bàsìlínì, kì í ṣe ọ́ìlì, kì í ṣe karosíìnì. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn mẹ́ta yẹn, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti wá. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn á mu wọ́n yó, á wú, lẹ́yìn náà á gan."

"Wọ́n ti fi ọ́ìlì àti karosíìnì pa á rí, Mà. Ó ti pẹ́."

"Ẹni tó pa á, ṣé ó mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ó rò pé ó dáa ni."

"Ta ló mọ̀ nígbà náà?" ìyá náà wí. "Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísìrì, bàsìlínì ni mo fi ń pa tèmi."

Ó di nǹkan méjèèjì fún un, ó sì ń kìlọ̀ bó ti ń dì í. Kó kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò. Kó dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan ná. Kó má fi kan sítíárìn, kó má fi kan pẹ́dà ẹsẹ̀, nítorí ohun tó bá ń yọ̀ níbẹ̀ lè pààyàn. "Rọ́bà tó bá sì ti ya, kò sí ìpara tó lè jí i. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì pààrọ̀ rẹ̀. N kò ní tan yín."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Hamidah fi omi ọṣẹ lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ inú ọkọ̀ kí òórùn súwíìtì tó lọ. Rọ́bà ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn ti ya ní tirẹ̀, mẹkáníìkì sì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kan kí wọ́n pa àwọn tó kù, Bàbá ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó wá fún àwọn.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, Bàbá."

"Fún un lé mi lọ́wọ́."

Wọ́n jókòó ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n ń fi ìka méjì tọ rọ́bà lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wọnlẹ̀. "Láti igun yìí dé ibi tó ti le, ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀," wọ́n ń sọ fún ara wọn. Wọ́n dé ibi tó le, wọ́n dúró, wọ́n ń fi ìka pa á títí ó fi gbà. Ọ̀sán mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ìkùukùu ọyẹ́ bo ilé àti ọgbà, oòrùn inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí òṣùpá, ó wá dà bíi pé kò sí ohun mìíràn láyé àfi igi, ọkọ̀ aláwọ̀ wàrà, àti bàbá arúgbó kan tó ń fi ìka bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Hamidah ń ṣàmì sí ìwé iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé lórí ẹní, ó ń gbójú sókè wò wọ́n, nígbà mìíràn kò sì mọ ìwé tó ń kà mọ́.

Lọ́sàn-án kẹta, Bàbá dáwọ́ dúró.

"Ìdájí ló jí," wọ́n wí. "Láti Àpáta. Ibi tí mo jókòó sí yìí náà ló jókòó sí. Mo jáde wá ṣe àlùwàlá, mo rí i tó ń nu rọ́bà yìí pẹ̀lú ìka rẹ̀. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní dá a mọ̀.' N kò sọ pé o ṣeun. Mo rò pé màá sọ ọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́."

Bàbá padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn Àsárì, wọ́n wọ ọkọ̀. Bàbá fa ilẹ̀kùn, ó pa dé pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan, bí ẹni pa ètè dé. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lọ. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ. Hamidah ń gbọ́ èémí ara rẹ̀, ó ń gbọ́ ti Bàbá. Bàbá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì fi síbẹ̀.

"Bísímílàhí," wọ́n wí. Wọn ò dárúkọ ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "A ti kọjá Mọ́kọ́lá." Hamidah dijú. Ó rí i pé àwọn ń lọ. "Dùgbẹ̀ rèé. Má yà." Ọkọ̀ náà ń fò lórí afẹ́fẹ́ bí òwú. "Odò Ọ̀nà nìyẹn." Ó rí odò náà, ó rí i tó mọ́ ju bó ṣe mọ́ gan-an lọ. "Àpáta. Ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé yẹn. Dúró."

Hamidah tẹ búrékì. Wọ́n dúró níbẹ̀, nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

"Ṣé ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ni, Bàbá?"

"N kì í sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nàkọnà tí mo bá gbà, Ṣakí ni, Ìjẹ̀bú ni, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá ná. N kì í sọ fún ẹ ni. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá yí padà."

Hamidah la ojú. Ó gbé ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí lè dé ibẹ̀."

Nígbà tí Hamidah jí lọ́jọ́ Sátidé, ó bá wọn ní fàráńdà, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti dé fìlà, wọ́n gbé ọ̀pá lé orúnkún.

Ilé àwọ̀ ewé kì í ṣe àwọ̀ ewé mọ́. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kùn ún, Hamidah ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Àmúdàtù, ìyàwó Surajudeen, ni wọ́n bá níta tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó wò wọ́n títí kó tó dá wọn mọ̀. Ó dìde, ẹ̀gúsí dànù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ káàbọ̀. Ó ti jáde o, ó ń bọ̀ nísinsìnyí."

Wọ́n fún wọn níjòókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé omi wá. Kò pẹ́ tí Surajudeen wọlé láti ẹnu géètì, ọ̀rá iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti hunjọ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó rí Pijó. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró.

Bàbá kọjú sí i gan-an, ṣùgbọ́n wọn ò kí i. Hamidah rí i bí ojú bàbá kékeré rẹ̀ ṣe rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún le padà, bí ẹni tó rò pé wọ́n ń wo òun níwòkuwò nínú ilé ara òun. Ó gbésẹ̀ kan sí ọ̀tún kó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tẹ̀ lé e. Ẹnu géètì níbi tó ti kúrò ni ojú náà ṣì ń wò. Ó dúró lẹ́ẹ̀kejì.

"Àmúdàtù," Bàbá wí, "ta ló wọlé?"

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ Surajudeen.

"Ẹ̀gbọ́n. Ojú yín ńkọ́?"

Bàbá yíjú sí ibi tí ohùn ti wá. "Ó ti lọ, Súrà."

"Ìgbà wo?"

"Ó di ọdún méje."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ."

Surajudeen jókòó sórí pèpéle. Kò sún mọ́ wọn. "Nígbà tí ìyá Hamidah kú, mo wá," ó wí. "Mo dúró sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń kírun sí wọn lára."

"Mo rí ẹ."

"Ẹ rí mi?"

"Ojú mi ṣì dáa nígbà yẹn. Mo rí ẹ, mo yíjú síbòmíràn." Bàbá ń fi àtàǹpàkò pa orí ọ̀pá. "Mo ṣẹ̀ ẹ́, Súrà. Lọ́jọ́ yẹn, àti lọ́jọ́ yìgì. Wọ́n ní àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Irọ́ ni wọ́n pa. Mo wá tọrọ rẹ̀."

Hamidah rò pé Surajudeen yóò ní kò sí nǹkan. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó dùn mí, Ẹ̀gbọ́n. N kò ní purọ́ fún yín. Ó ń dùn mí títí di àárọ̀ yìí."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ yẹn, mo máa ń gbọ́ ọ tí mo bá ń ṣe nǹkan. Tí mo bá ń kan ìṣó lásán, màá gbọ́ ọ."

Bàbá na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ níwájú wọn. Ọwọ́ náà dúró níbẹ̀. Àmúdàtù wo ọkọ rẹ̀. Surajudeen dìde, ó rìn lọ, ó dì í mú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan jókòó, ọ̀kan dúró, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé méjì tó ń retí ìyá wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Pijó yẹn ṣì ń rìn," Surajudeen wí níkẹyìn.

"Wá wò ó."

Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ ra dáṣíbọ́ọ̀dù láti ọ̀tún sí òsì, ó fi ìka tẹ rọ́bà, rọ́bà náà wọlé, ó tún jáde.

"Kí lẹ fi pa á? Kò dán."

"Kò yẹ kó dán," Bàbá wí. "Wọlé."

Wọ́n jókòó síwájú, Surajudeen sídìí sítíárìn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn méjèèjì. Hamidah àti Àmúdàtù dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu àwọn àgbà méjì tó ń mì lẹ́yìn gíláàsì. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Èjìká Surajudeen bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà kan, Hamidah ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀," Àmúdàtù wí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ nílẹ̀. Hamidah bá a ṣà á.

Iṣu yẹn ni wọ́n gún lọ́sàn-án. Nígbà tó tó àkókò láti padà, Surajudeen wọ bàtà, ó ní òun yóò sìn wọ́n dé Bódìjà, kẹ̀kẹ́ yóò gbé òun padà. Ó jókòó sẹ́yìn, Hamidah ń wakọ̀. Ọyẹ́ ti ká díẹ̀ lójú ọ̀nà. Láì sí ẹni tó ní kó ṣe é, Surajudeen bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ilé epo tuntun, mọ́ṣáláṣí tí wọ́n fi àjà kejì lé, ọmọ ilé ìwé tó ń jẹ ìrèké lọ.

"Ìrókò ńlá tó wà lápá òsì ńkọ́?" Bàbá bi í. "Lẹ́yìn ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀."

Surajudeen wo ìta. "Wọ́n ti gé e, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀."

Bàbá yíjú sí fèrèsé lápá òsì, ibi tí igi náà ti yẹ kó wà.

"Abẹ́ rẹ̀ tutù o," wọ́n wí.

"Ó tutù," Surajudeen wí. "Ẹ rántí bí a ṣe ń sùn síbẹ̀?"

Hamidah dín eré kù, kí wọ́n lè pẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀.